Ẹnu Akawali

"Fà á! Fà á, ṣé o ò gbọ́ ni!"

Dahiru ń fà á. Ó ti fi ọwọ́ méjèèjì di ìjánu mú, ó fara tì sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdí ẹṣin, ṣùgbọ́n Akawali kò ka gbogbo rẹ̀ sí. Ògiri amọ̀ tó wà ní ìpẹ̀kun pápá ń tóbi sí i lójú rẹ̀. Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n fi orí sọ ọ́, ẹṣin náà yà bàrá sí ọwọ́ ọ̀tún. Orúnkún Dahiru họ mọ́ ògiri, fìlà rẹ̀ fò lọ, òun náà sì tẹ̀lé fìlà.

Àwọn tó ń da ewúrẹ́ wọn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá bú sẹ́rìn-ín. "Oníkẹ́míìsì! Bó pẹ́ títí, ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀!"

Baba Gambo, arúgbó tó ń kọ́ ọ lẹ́ṣin gígùn, kò kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹṣin ló lọ. Ó mú un, ó fọwọ́ pa á lọ́rùn, kó tó wá dúró lórí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

"Baba, ẹ ò tilẹ̀ béèrè bóyá mo kú."

"Òkú kì í ṣàròyé. Dìde nílẹ̀."

Ọdún méjì péré ni Dahiru ti ń gun ẹṣin. Ó ń ta oògùn lẹ́bàá ibùdókọ̀ ìlú Tsaunin Dawa, ó sì ti lé ní ọdún méjìdínlógójì kó tó fi ẹsẹ̀ kan gàárì rí. Àmọ́ nǹkan ọ̀hún wọ̀ ọ́ lẹ́mìí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, òun fúnra rẹ̀ ti ń kó ìgbẹ́ ẹṣin, ó ń bu omi, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì họ ara Akawali títí yóò fi máa dán. Saude ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé bí òun bá tún ayé wá, ẹṣin ni òun yóò jẹ́.

Lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní eré. Lọ́jọ́ Iléyá, ilé àtijọ́ kọ̀ọ̀kan nílùú náà a máa rán ẹlẹ́ṣin kan jáde láti ṣe jahi níwájú Hakimi, olórí ìlú: yóò sá eré àsápajúdé lọ bá a níbi tó jókòó, yóò dúró gbọnin nígbà tí eruku bá ti fẹ́ kan bàtà olóyè, yóò sì na ìkúùkù sókè kí i. Láti ọdún méjìlélógún tí bàbá wọn ti kú, kò sẹ́ni tó sáré fún ilé Dahiru, nítorí ìbàdí Sanda ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò gbà á láyè. Hakimi ti wá ránṣẹ́ báyìí pé bí àyè náà bá tún ṣófo lọ́tẹ̀ yìí, òun yóò fi í fún ilé mìíràn. Iléyá sì ku ọjọ́ mẹ́rin.

Baba Gambo bọ́ ìjánu kúrò. "Wá wo nǹkan."

Ó la ẹnu ẹṣin náà. Nígbà tí Dahiru rà á lóṣù tó kọjá, ó ka eyín rẹ̀ láti mọ ọjọ́ orí rẹ̀, bí gbogbo ẹni tó ń ra ẹṣin ti máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n ta ni í wo ibi tí kò sí eyín? Láàárín eyín iwájú àti ti ẹ̀yìn, níbi tí irin ìjánu máa ń jókòó lé, ó yẹ kí ẹran ìdí eyín rọ̀ bí ètè ọmọ ọwọ́. Ti Akawali ti yi bí gìgísẹ̀ darandaran. Àpá ńlá kan dábùú ahọ́n rẹ̀. Baba Gambo ki èékánná àtàǹpàkò mọ́ ibẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ gan-an. Akawali ń wo àwọn ewúrẹ́ tó ń lọ. Kò tilẹ̀ mi etí.

"Ẹnu yìí ti kú," ni Baba Gambo wí.

"Kí ló pa á?"

"Irin ni. Irin mímú ni wọ́n fi kọ́ ọ láti dúró. Nígbà tí ìyẹn mọ́ ọn lára, wọ́n wá èyí tó mú jù ú lọ. Ẹni tó tà á fún ẹ mọ̀ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí kò fi jẹ́ kó o wo ẹnu ẹ̀ pẹ́."

"Kí ni yóò wá máa dá a dúró?"

Arúgbó náà wo ògiri. "O rí i pé ó yà fún ògiri. Bóyá á yà fún èèyàn, èmi ò mọ̀."

Nígbà tí Dahiru délé, Hansatu ọmọ rẹ̀ ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni.

"Bàbá! Wọ́n mú mi! Málàámù ní èmi ni mo ké Kùránì jù nínú àwọn obìnrin, torí náà, èmi àtàwọn ọmọ-ọmọ Hakimi la jọ máa jókòó sórí ẹní iwájú!"

"Ẹní iwájú wo?"

"Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Hakimi! Lọ́wọ́ ọ̀tún yín, tẹ́ ẹ bá ń sáré bọ̀. Mo máa rí yín ju gbogbo èèyàn lọ."

Dahiru ní ó dára. Ó lọ fi omi fọ orúnkún rẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju bí orúnkún ti nílò lọ. Ẹ̀rù bà á. Ẹ̀rù náà kì í ṣe irú èyí tó máa ń bà á lórí ẹṣin, tí èèyàn lè fi rẹ́rìn-ín nígbà tó bá sọ̀ kalẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ni Sanda wọlé tòun ti ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀, ó gbé ohun kan tí wọ́n fi aṣọ wé sí orí ẹní.

"Gambo sọ fún mi. Tú u wò."

Irin ìjánu bàbá wọn ni. Ahọ́n irin kan gùn jáde láàárín rẹ̀ láti máa gún òkè ẹnu ẹṣin, òrùka kan sì wà lábẹ́ rẹ̀ tó máa ń fún àgbọ̀n.

"Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré," ni Sanda wí. "Kò sí ẹṣin tí Bàbá fi èyí sí lẹ́nu tí kò gbọ́ràn."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹnu ẹṣin yìí ti kú. Bí mi ò bá sáré lọ́dún yìí ńkọ́? Tí mo bá wá ẹṣin mìíràn fún ọdún tó ń bọ̀…"

"Ọdún tó ń bọ̀ wo? Kí ọmọ ìgbẹ́ kan wá máa sáré láyè Bàbá? Dahiru, ikú yá ju ẹ̀sín lọ!"

"Ikú ta ni, Ẹ̀gbọ́n? Ẹ̀sín ta ni?"

Sanda fi ọ̀pá rẹ̀ ti irin náà sún mọ́ ọn.

Dahiru gbé e lọ sí pápá, nítorí ó ṣì ń retí pé Sanda lè jàre. Baba Gambo rí irin náà, ojú rẹ̀ yí padà. Dahiru sáré lẹ́ẹ̀kan. Ó fà á. Akawali ń lọ. Ó fà á débi tí apá rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ sì ń fọ́n sí i lára látẹnu ẹṣin, síbẹ̀ eré náà kò dín. Nígbà tí wọ́n dé ibi ògiri, Akawali tún yà bàrá. Ọwọ́ ọ̀tún náà ni.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, aṣọ funfun rẹ̀ ti kún fún ẹ̀jẹ̀ ẹṣin. Baba Gambo jókòó sórí òkúta.

"Kí ni wọ́n sọ fún ẹ pé ó pa bàbá yín?"

"Pé ẹṣin kọsẹ̀ lọ́jọ́ Iléyá."

"Ẹṣin ò kọsẹ̀. Ẹṣin ò dúró ni. Ògiri ààfin ló dá a dúró. Èmi ni mo bọ́ irin yẹn kúrò lẹ́nu ẹ̀. Èmi náà ni Sanda bẹ̀ pé kí n sọ pé ó kọsẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mọ̀?"

"Ó mọ̀. Ojú ń tì í ni. Ojú ń ti èmi náà, torí èmi ni mo gba bàbá yín nímọ̀ràn irin yẹn."

Lọ́jọ́ Iléyá, oòrùn mú. Bí kàkàkí ti ń ké ni àwọn ọdẹ ń yìnbọn. Wọ́n ti kun làálì sí Akawali lẹ́sẹ̀, wọ́n ti so aṣọ aláràbarà mọ́ ọn lára, ó sì rẹwà débi tí àwọn obìnrin fi ń nàka sí i. Dahiru jókòó lórí rẹ̀ nínú ìlà, láwàní wé mọ́ ọn dé imú. Lọ́ọ̀ọ́kán, ó rí àga Hakimi. Ó rí ẹní náà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó rí ìbòrí pupa kan láàárín àwọn ọmọdé, ẹni tó wé e ń fò sókè, ó ń juwọ́.

Ilé Sarki Noma, olórí àwọn àgbẹ̀, sáré. Eruku gbòde, ẹṣin dúró gbọnin, wọ́n hó yèè. Ilé àwọn alágbẹ̀dẹ sáré. Lẹ́yìn náà ni akéde pe orúkọ bàbá Dahiru, tí wọn kò pè láti ọdún méjìlélógún, Sanda sì bú sẹ́kún níbi tó dúró sí.

Dahiru sọ̀ kalẹ̀.

Ó di okùn ìjánu mú lábẹ́ àgbọ̀n ẹṣin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fẹsẹ̀ rìn. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ dákẹ́, wọ́n rò pé gàárì ló tú. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀.

"Oníkẹ́míìsì, ṣé ẹṣin yín ń ṣàìsàn ni?"

"Ó ti fún un lóògùn oorun!"

Nígbà tí wọ́n dé ìdajì ọ̀nà, ìbọn dún lẹ́ẹ̀mẹta. Akawali gbé orí sókè, ó wọ́ Dahiru nílẹ̀ lọ bí ìgbésẹ̀ márùn-ún, sápá ọ̀tún. Dahiru ki gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi èjìká ti àyà ẹṣin, ó ń pariwo sí i létí títí ó fi rọ̀. Àwọn èèyàn ti ń rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n ń di ara wọn mú. Ó rìn dé iwájú Hakimi, ó na ìkúùkù.

Hakimi wò ó pẹ́. Kò bínú. "Àyè eré ni, Dahiru," ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Ẹni tó bá lè sáré ni n ó fún."

"Mo gbọ́, Ọ̀gá. Kẹ́mìí yín gùn."

Nígbà tó yíjú sí ẹní, Hansatu ti da ìbòrí pupa bo ojú.

Ní ọ̀sán, ó so Akawali mọ́ ìdí dóńgóyárò lẹ́yìnkùlé, ó ń tú aṣọ aláràbarà àti gbogbo ọ̀ṣọ́ ẹṣin náà sílẹ̀. Sanda kò yà wá jẹ ẹran. Hansatu dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ wú.

"Wọ́n ní ẹ̀rù ẹṣin ń bà yín."

"Òótọ́ ni. Wá."

Kò kọ́kọ́ fẹ́ wá. Nígbà tó wá, Dahiru la ẹnu ẹṣin, ó mú ìka ọmọ náà, ó fi í kan ibi tó yi náà. Hansatu tẹ̀ ẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́ gan-an, bí ọmọdé tó ń wá ìjà. Akawali ń jẹnu lọ.

"Kò dùn ún?"

"Kò dùn ún mọ́. Tí mo bá fà á, kò mọ̀ pé mo ń fà á."

Ọmọ náà yọ ìka rẹ̀, ó nù ún mọ́ aṣọ. Ó wo ọwọ́ bàbá rẹ̀, níbi tí okùn ti ya àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì.

"Bàbá, apá ọ̀tún ló ń wọ́ yín lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Apá ọ̀tún ni mo jókòó sí."

Hansatu tú ìbòrí pupa náà lórí, ó fà á ya sí méjì, ó sì ní kí bàbá òun na ọwọ́ méjèèjì wá.