Ìgbìmọ̀ Ló Máa Pèsè Ariwo

Télọ̀ ni ìyá ọmọ náà. Àtìgbà tó ti ń rákò ni téèpù tí ìyá rẹ̀ fi ń wọn aṣọ ti wà lọ́rùn rẹ̀, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Téèpù. Ó wọn ilẹ̀kùn, ó wọn àtẹ̀gùn, ó wọn imú bàbá rẹ̀ níbi tíyẹn sùn sí. Dókítà ní ọ́tísíìmù ni: ọpọlọ rẹ̀ ń gba ayé wọlé lọ́nà tirẹ̀. Bí èèyàn mẹ́ta bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bíi kí wọ́n máa da òkúta sí i létí ni.

Olùkọ́ ìṣirò ló gbà á sílẹ̀ nílé ìwé girama. Obìnrin náà kì í pariwo. Kí ẹnikẹ́ni tó wọ kíláàsì, á ti kọ gbogbo ohun tí wọ́n máa ṣe lọ́jọ́ náà sí igun pátákó. Yàrá ìkàwé ló máa ń jẹ́ kí Téèpù ti ṣe ìdánwò. Ọmọ tí wọ́n ní kò lè mọ̀wé bá gba ipò kejì, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan sì gbà á láti kọ́ iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n.

Àmọ́ kó tó lè rí yàrá ìdánwò tó pa rọ́rọ́ gbà níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fara hàn níwájú Ìgbìmọ̀ Ìrànlọ́wọ́. Lẹ́tà wọn ní: "Kí akẹ́kọ̀ọ́ wá fi hàn pé ariwo ń dí òun lọ́wọ́. Ìgbìmọ̀ ló máa pèsè ariwo."

Ìyá rẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀mẹta. "Wọ́n máa pèsè kí ni?"

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, èèyàn mẹ́rin ló jókòó ti tábìlì gígùn. Agogo wà lọ́wọ́ akọ̀wé, akápò mú fèrè dání, obìnrin kan gbé ìdérí ìkòkò méjì lé ẹsẹ̀. Alága nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ó ní ikọ́ lòun máa wú.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni ìyá wí, "dókítà ti kọ gbogbo ẹ̀ síwèé."

"Ṣé ẹ rí i, ìyá, àwa fẹ́ fojú ara wa rí i ni."

"Ariwo lẹ fẹ́ fojú rí?"

Alága kọjú sí Téèpù. "A máa pariwo títí á fi dí ọ lọ́wọ́."

"Ó ti dí mi lọ́wọ́."

"A ò tíì bẹ̀rẹ̀!"

"Fáànù yín ń dún. Bàbá tó mú fèrè ń fi ẹsẹ̀ gbá tábìlì."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Téèpù di etí méjèèjì, ó dìde, ó gba ilẹ̀kùn kékeré ẹ̀yìn wọn wọlé. Ìyá rẹ̀ mọ̀ pé èèyàn kì í fọwọ́ kàn án nírú àsìkò yẹn, ó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Alága pariwo pé ó tó, kò sẹ́ni tó gbọ́. Akọ̀wé rò pé ó ní kóun mú un le sí i ni. Ọlọ́dẹ sáré wọlé tòun ti garawa omi, ó rò pé iná ló ń jó, ó sì da omi náà lé akápò lórí. Síbẹ̀, fèrè ò dákẹ́.

Nígbà tó sú alága, òun náà sá wọ ibi tí Téèpù wọ̀. Yàrá fáìlì àtijọ́ ni. Téèpù wà nílẹ̀, ó ń wọn pẹpẹ. Alága lanu.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má sọ̀rọ̀. Ara mi ò tíì balẹ̀."

Ó jókòó sórí páálí. Ó gbọ́ èémí ara rẹ̀, ohun tí kò gbọ́ láti ọdún mọ́kànlá tó ti jẹ alága. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ pọ́n bíi ti ẹni tó sunkún. Ó ní yàrá yẹn ni kí ọmọ náà ti máa ṣe ìdánwò, ẹ̀rí ti fara hàn.

"Lára ta ni sà?" ni akọ̀wé bi í.

"Lára mi."

Bí gbogbo ìgbìmọ̀ ṣe fẹ́ràn yàrá náà nìyẹn. Lọ́jọ́ ìdánwò àkọ́kọ́, akápò ni Téèpù bá tó ń hanrun láàárín fáìlì.

"Ìdánwò mi ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sà. Ẹ máa lọ."

Akápò gbé bàtà rẹ̀ dání, ó yọ́ jáde. Téèpù bá lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn: wákàtí tirẹ̀ rèé, wákàtí ìgbìmọ̀ rèé.

Ó ti wà lọ́dún kejì báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, alága wá bá a nínú yàrá náà. Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì míì ń bọ̀ níwájú ìgbìmọ̀, òun ò mọ irú ẹ̀rí tóun máa béèrè.

"Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́," ni Téèpù wí. "Tí wọ́n bá sọ ọ́, ẹ gbà wọ́n gbọ́."

Alága kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kóun jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Téèpù wo aago. "Mẹ́ta," ló wí.