Ọtí Tí Látífàt Kò Mu

“Ṣé òórùn ọtí wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà àbí kò sí?”

Díákónì Olúmúyìwá ló bèèrè, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ìgbà tó bá ń darí ìpàdé àdúrà. Moshood dúró ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó ń fi èékánná ha yíǹkì dúdú tó gan mọ́ àtàǹpàkò rẹ̀. Látífàt jókòó sórí àga rọ́bà níwájú tábìlì, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún tí wọ́n fi báńdéèjì wé lé àyà, ó ń wo ẹnu Moshood. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí ẹ̀rọ ìgéwèé ti gé ìka méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ tó Moshood.

“Moshood, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.”

“Ó wà, sà.”

“Níbo?”

“Lára aṣọ rẹ̀.” Moshood tún ha yíǹkì náà. “Àti lẹ́nu rẹ̀.”

Látífàt rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. “Bọ̀dá Moshood, ta ló da ọtí sí mi lára?”

Moshood kò gbójú sókè. Díákónì ti ti ìwé kan síwájú rẹ̀, ó fi bírò lé e lórí. Moshood bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó sì jáde bí ẹni tí ìgbẹ́ ń gbọ̀n.

Ilé ìtẹ̀wé Díákónì wà ní Ṣómólú, lápá ibi tó ti kángun sí Palmgrove, níbi tí ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohùn ẹnìkejì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọdún mẹ́fà ni Látífàt lò níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, tó fi òun àti Faridah ọmọ wọn sílẹ̀, tí àwọn ẹbí ọkọ ti Ìjẹ̀bú-Igbó wá kó gbogbo ohun tí ọwọ́ wọn tó, Moshood, ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀, ló mú un wá síbẹ̀ kó máa to ìwé, kó máa dì í. Oore yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ rí.

Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ẹnu ọ̀nà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mutí lẹ́nu iṣẹ́. Díákónì fúnra rẹ̀ kì í fẹnu kan án. Ṣùgbọ́n bí ìgbà kàlẹ́ńdà bá dé, tí iṣẹ́ pọ̀ ju ọwọ́ lọ, yóò ní kí awakọ̀ òun gbé páálí ọtí inú ọ̀rá kan sọ̀ sẹ́yìn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá. Kì í pè é ní ọtí. “Ẹ fún àwọn ọkùnrin ní agbára wọn o,” ni yóò wí, yóò sì wọ ọ́fíìsì, yóò pa ilẹ̀kùn dé. Kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù, òmíràn nínú wọn á ti mu mẹ́rin, á ti mu márùn-ún. Ẹni tí kò bá mu ún, wọ́n á ní kó lọ wá yẹtí wọ̀. Ẹni tó mu ún tó ṣì dúró ṣinṣin, ọ̀gá ni wọ́n ń pè é. Moshood ni ọ̀gá wọn. Òun kì í tilẹ̀ dúró de ìgbà kàlẹ́ńdà. Bí ìyá alágbo bá ti gbé ìgò àgbo ọlọ́tí rẹ̀ dé ẹnu géètì láago mẹ́wàá, oníbàárà rẹ̀ àkọ́kọ́ ni.

Díákónì kò ní wàhálà pẹ̀lú ẹni tó mutí. Ẹni tó sùn lẹ́nu iṣẹ́, tàbí tó ba ìwé jẹ́, ni kì í fojú rere wò. Látífàt ló ń bá Moshood bo èyí. Bí fèrè mọ́tò Díákónì bá dún, ó ti fi àkísà tútù nu ojú Moshood, ó ti ju súìtì oníméńtì sí i lẹ́nu. Bí ó bá gé ìwé wọ́, ó ń ṣa àwọn tó bàjẹ́ kúrò kí ẹnikẹ́ni tó rí wọn. Bí wọ́n bá bèèrè rẹ̀, á ní orí ló ń fọ́ ọ. Ìmoore ni ó pe gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nígbà kàlẹ́ńdà ni wọ́n ń gé ìwé fún ilé-ẹ̀kọ́ kan tó fẹ́ gba iṣẹ́ rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Bọ́tìnnì méjì ló wà lára ẹ̀rọ ìgéwèé, kí ẹni tó ń lò ó lè fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọwọ́ kankan má baà ṣèèṣì wà lábẹ́ abẹ. Moshood ti fi sẹ́lótéèpù di ọ̀kan mọ́lẹ̀ tipẹ́, kí iṣẹ́ lè yá. Díákónì rí sẹ́lótéèpù náà. Iṣẹ́ ń yá lóòótọ́. Kò wí nǹkan kan.

“Ẹ dúró, Bọ̀dá Moshood, ó wọ́,” ni Látífàt wí, ó sì na ọwọ́ sábẹ́ abẹ láti tún ìwé náà tò.

“Ó ti dáa,” ni Moshood dáhùn, ojú rẹ̀ wà níbòmíràn. Abẹ sọ̀ kalẹ̀.

Kò kọ́kọ́ dùn ún. Ó kàn rí i pé etí ìwé tó funfun báláú ti pọ́n. Lẹ́yìn náà ni ó gbọ́ igbe, ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ló ń ké e. Moshood ń sunkún bí ọmọdé. Ó fi eyín ja ọ̀rá ọtí mẹ́ta, ó da gbogbo rẹ̀ sójú ọgbẹ́, ó sì ti ẹ̀kẹrin bọ̀ ọ́ lẹ́nu. “Mu ún, Ìyá Faridah, jọ̀ọ́, mu ún, kò ní dùn ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́.” Látífàt pa eyín pọ̀, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọtí náà ṣàn sí àgbọ̀n rẹ̀, ó rin híjáàbù rẹ̀ gbingbin. Nọ́ọ̀sì tó gbà á wọlé nílé ìwòsàn kọ ohun tí imú rẹ̀ gbọ́ sínú fáìlì. Látífàt rí i tó ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìka méjì tí wọ́n fi ìwé kàlẹ́ńdà wé, tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n gbé e sí mọ́, ni ọkàn rẹ̀ wà.

Ẹ̀dà fáìlì yẹn, tí ilé ìwòsàn fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé owó, ni Díákónì ṣí sórí tábìlì báyìí. Ó ka ìwé tí Moshood fọwọ́ sí sí i létí: Arábìnrin Látífàt mutí lẹ́nu iṣẹ́ lòdì sí òfin tó wà lára ògiri, ó sì tipa bẹ́ẹ̀ ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ilé-iṣẹ́ kò ní í san owó ìwòsàn rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì parí lónìí.

“Díákónì, ẹ̀yin lẹ ń gbé ọtí yẹn wá.”

“Èmi?” Ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ yí padà. “Látífàt, ṣé o rí mi rí kí n mutí?”

Látífàt bá Moshood lẹ́bàá gọ́tà níta, tó ń dúró dè é.

“Wọ́n ní bí mi ò bá fọwọ́ sí i, orúkọ tèmi ni wọ́n máa kọ síbẹ̀,” ni Moshood wí. “Ọmọ mẹ́rin ni mo ní, Ìyá Faridah.”

“Faridah ńkọ́? Ẹran ni mo bí?”

“Tìrẹ yàtọ̀. Àwọn èèyàn á ṣàánú rẹ. Opó ni ẹ́.”

Ọtí ń rùn lẹ́nu rẹ̀ bó ti ń sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ti dé Abúlé Òkúta kí Látífàt tó délé. Ní ọjọ́ Àìkú, nígbà tó jókòó láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àsàlátù, obìnrin tó wà lápá òsì rẹ̀ rọra sún. Lẹ́yìn àdúrà, Alhaja Rọ̀kíbátù, olórí wọn, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. “A ò sọ pé o ṣe é o. Àmọ́ ọtí ni wọ́n dárúkọ, obìnrin sì ni ẹ́. Ṣì fi wá sílẹ̀ díẹ̀ ná.” Obìnrin tó sún yẹn, gbogbo àdúgbò ló mọ ibi tí ọkọ rẹ̀ ń jókòó sí lọ́sàn-án ní Fọlá Agoro, pẹ̀lú ìgò níwájú rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí ọkùnrin náà má wá kírun Jímọ̀ rí.

Oṣù mẹ́jọ kọjá. Látífàt ń fi ọwọ́ òsì bó ẹ̀gúsí fún oníṣòwò kan, ìka òsì kò sì tíì mọ iṣẹ́ náà. Ibi tó ti ń bó o lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni Níní, ìyàwó Moshood, wọlé, tó kúnlẹ̀ láìkí i.

“Wọ́n ti gbé e dé ilé ìwòsàn,” ni Níní wí. “Ojú rẹ̀ pọ́n bí epo. Ikùn rẹ̀ wú bí ti aboyún. Dókítà ní ẹ̀dọ̀ ni. Díákónì ní ilé-iṣẹ́ òun kì í ran ọ̀mùtí lọ́wọ́, àfi bí mo bá mú ẹni tó bá a ṣiṣẹ́ wá, tí yóò jẹ́rìí pé kì í mutí lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó kù níbẹ̀ ń bẹ̀rù. Ẹ bá mi sọ ọ́, Ìyá Faridah.”

Látífàt gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè. “Ẹ wo èyí, Ìyá Dọlápọ̀. Kí ẹ tún wá ní kí n parọ́ fún un?”

“Mo ti rí i.” Níní kò gbé ojú kúrò. “Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo wá bá yín nínú yàrá yìí. Mo ní ọkọ mi ń bọ̀ wálé pẹ̀lú òórùn, kí ẹ jọ̀ọ́ sọ òótọ́ fún mi. Ẹ búra. Ẹ ní òórùn yíǹkì ni. Mo gbà yín gbọ́, mo padà lọ sílé, mi ò sì wá oògùn kankan fún un. Lónìí tí mo wá bẹ̀bẹ̀ fún irọ́ kan náà, ó ti tán lẹ́nu yín.”

Ẹ̀gúsí tó wà lọ́wọ́ Látífàt jábọ́. Ó ti abọ́ ẹ̀gúsí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, “Màá bá yín lọ. Àmọ́ òótọ́ ni màá sọ. Ẹni tó ń gbé páálí wá ni màá dárúkọ lójú ara rẹ̀. Bó bá gbọ́ ọ, tó mọ̀ pé a lè sọ ọ́ níta, á san owó yẹn.”

“Bẹ́ ẹ bá ti rò pé yóò ṣiṣẹ́,” ni Níní wí.

Díákónì gbà wọ́n tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó pe Moyọ̀sọ́lá, akọ̀wé rẹ̀, wọlé kó wá jókòó tì wọ́n. Ó mú ìwé funfun kan, ó ṣí bírò.

“Ọlọ́run ń gbọ́ wa. Ṣé Moshood máa ń mutí lẹ́nu iṣẹ́?”

“Ó máa ń mu ún, sà. Lójoojúmọ́ ni.”

Níní mí kanlẹ̀. Bírò Díákónì ń lọ lórí ìwé. Látífàt kò dúró. Ó sọ ti páálí, ó sọ ti agbára, ó sọ ti sẹ́lótéèpù orí bọ́tìnnì àti ẹni tó rí i tí kò sọ̀rọ̀. Ó sọ ti ọtí tí wọ́n dà sí i lára, tí ẹ̀kán rẹ̀ kò dé ọ̀fun rẹ̀. Gbogbo ohun tí kò rí sọ ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, ó sọ ọ́, títí ohùn rẹ̀ fi há. Díákónì kò dá a lẹ́nu nígbà kankan. Ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tó parí, Díákónì yí ìwé náà sí i. Ìlà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀: *Látífàt, tó bá Moshood ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, jẹ́rìí pé Moshood máa ń mutí lẹ́nu iṣẹ́ lójoojúmọ́.*

“Fọwọ́ sí i níbí.”

“Ìyókù ńkọ́, sà?”

“Ìyókù wo?”

Látífàt ti bírò náà padà. Díákónì kò janpata. Ó fà á lé Moyọ̀sọ́lá lọ́wọ́. “Ìwọ náà gbọ́ ọ. Fọwọ́ sí i pé ó sọ ọ́.” Moyọ̀sọ́lá wo Látífàt, ó wo Níní, ó wo ọ̀gá rẹ̀. Ó fọwọ́ sí i.

Ariwo ẹ̀rọ gba gbogbo àtẹ̀gùn. Látífàt sáré tẹ̀ lé Níní, ó na ọwọ́ òsì láti dì í mú léjìká. Níní yí padà. Kò sí omi lójú rẹ̀.

“Ẹ ti gbẹ̀san, Ìyá Faridah,” ni ó wí. “Ẹ jẹ́ kí n lọ jókòó ti ọkọ mi.”