Ẹnu Ẹni Tí Wọ́n Lé Jáde

Ìgbì kan ṣoṣo ló dojú ọkọ̀ náà dé. Kí Hagbart tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, omi Lyngen, apá òkun kan ní ilẹ̀ olótùútù níhà àríwá ayé, ti wọ̀ ọ́ nímú, otútù ti fún un láyà. Ọwọ́ kan gbá a lọ́rùn ẹ̀wù mú, ó wọ́ ọ gorí ìdí ọkọ̀ tó ti yí sókè. Ọwọ́ Ingvald ni, ọkùnrin tí Hagbart oníwàásù fi ẹnu ara rẹ̀ lé kúrò nínú ìjọ.

Kí ni Ingvald ṣe? Ó so kọ́tìnì olódòdó mọ́ fèrèsé, torí oòrùn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí kì í wọ̀ lóru ò jẹ́ kí Marit, ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, rí oorun sùn. Hagbart ní afẹ́ ayé ni. Orí bíbẹ́ sì kọ́ ni oògùn orí fífọ́! Nígbà tí Marit ń kú lọ, ó ránṣẹ́ pè é kó wá sọ ọ̀rọ̀ ìdáríjì sí òun létí. Hagbart ní kí wọ́n kọ́kọ́ já kọ́tìnì náà, bí ẹni pé kọ́tìnì ni wọ́n fi ti ilẹ̀kùn ọ̀run. Wọn ò já a. Kò lọ.

Lónìí, ìpàdé ń dúró dè é ní òdìkejì, ọkọ̀ Ingvald nìkan ló sì wà létí omi. Ó wọ̀ ọ́, àmọ́ kò gba kọfí lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ dì í mú dáadáa o, Baba," Ingvald ní, bí wọ́n ṣe rọ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ náà. "Èyí kì í ṣe àga ìwàásù, ó ń yọ̀."

Hagbart ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ń bà á gan-an, kì í sì í ṣe ti omi nìkan. Ìgbà wo ló jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kẹ́yìn? Kò rántí. Òun ló máa ń dárí ji àwọn èèyàn. Ta ló tó ẹni tí òun ń jẹ́wọ́ fún? Nínú ìjọ wọn, èèyàn kì í sọ ọ̀rọ̀ ìdáríjì fún ara rẹ̀. Ẹnu onígbàgbọ́ mìíràn ló gbọ́dọ̀ ti jáde. Ẹnu kan ṣoṣo ló sì wà lórí omi yìí, ẹnu tí òun ti ní kì í ṣe ti onígbàgbọ́ mọ́.

Ó ń bá ara rẹ̀ jiyàn. Bí òun bá bẹ Ingvald, a jẹ́ pé arákùnrin òun ni látẹ̀yìn wá, a jẹ́ pé Marit náà… Ìgbì gbá wọn. Ó tún ń jiyàn, agbára sì ń tán lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

"Ingvald!" ó pariwo níkẹyìn. "Mo ṣẹ ìwọ àti Marit. Mo sọ ara mi di Ọlọ́run lórí yín. Jọ̀ọ́, sọ ọ́ fún mi!"

Ingvald wò ó, ojú rẹ̀ pọ́n. "Marit pè yín títí ó fi kú, Baba." Ingvald wá fi ipá gbé ọ̀rọ̀ náà jáde: "Ẹ gbà á gbọ́, a dárí ẹ̀ṣẹ̀ yín jì yín lórúkọ Jésù."

Hagbart bú sẹ́kún.

"Ó ku tèmi," Ingvald ní. "Mo ti kórìíra yín látọjọ́ tí a sin ín. Ẹ tètè sọ ọ́, ọwọ́ mi ti kú."

Hagbart lanu. Otútù ti mú kí àgbọ̀n rẹ̀ gan. Ẹnu tó ti ń wàásù látìgbà èwe ò lè sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ó nawọ́, ìgbì dé, nígbà tí omi sì fà sẹ́yìn, òun nìkan ló kù.

Ìgbà náà ni ohùn rẹ̀ là. Àwọn apẹja tó wá gbé e gbọ́ ọ lókèèrè, ó ń ké sí omi pé, "Gbà á gbọ́, arákùnrin mi, a dárí jì ọ́!" Wọ́n fà á wọnú ọkọ̀, wọ́n fi aṣọ bò ó, kò dákẹ́. Ó di ọ̀kan nínú wọn lápá mú.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ṣé ẹ rò pé ó gbọ́?"