Ẹrẹ̀ Tó Ń Mí

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìrántí ikú Khiêm, ọkọ rẹ̀, Diệp ti jí kí ẹ̀rọ gbohùngbohùn orí òpó, tó máa ń ké ìròyìn fún gbogbo abúlé, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ tí oorun àfẹ̀mọ́júmọ́ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Nígbà òjò tó tẹ̀lé ikú ọkọ rẹ̀ ni ohùn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn abúlé jáde láti orí òpó yẹn, tó ní kí wọ́n má ṣe fi ẹrẹ̀ bo ẹni tí iná mànàmáná bá gbé mọ́. Pé iná kì í sùn sínú ara ènìyàn. Pé bí wọ́n bá ti pa iná, wọ́n lè fọwọ́ kan onítọ̀hún, bí kò bá sì mí mọ́, kí wọ́n máa tẹ àyà rẹ̀. Diệp ń gún ata lọ́wọ́ nígbà náà. Ọmọ odó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹrẹ̀ ni wọ́n fi bo Khiêm. Wáyà oníná tí aládùúgbò kan ta yí oko ìrẹsì rẹ̀ ká láti fi pa eku ló gbé e. Nígbà tí wọ́n pa iná náà tán, kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án. Igi ọparun ni wọ́n fi yí i sínú kòtò, tí Ìyá Sáu, ìyá rẹ̀, sì ń bu ẹrẹ̀ lé e lórí, títí tó fi bo àyà àti ẹnu, kí ilẹ̀ lè fa iná náà jáde. Diệp rí i: ẹrẹ̀ tó wà lẹ́nu ọkọ rẹ̀ wú díẹ̀, ó sì bẹ́.

"Ẹ wò ó!" ni Ìyá Sáu ké. "Iná ló ń jáde yẹn!"

Láti ìgbà náà, bí Diệp bá ń lọ́ ìrẹsì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rì sínú pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀, nǹkan kan a máa mí lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó ti lọ bá nọ́ọ̀sì náà, ó sì ti fi bèbí onírọ́bà kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà.

Thuận, àbúrò Khiêm, ti dé láti ìlú fún ìrántí náà. Òun ló fẹ́ fi ẹ̀rọ fa omi láti inú odò sínú àwọn àmù.

"Thuận, pa iná kó o tó gbé ẹ̀rọ yẹn," ni Diệp wí láti ìdí ààrò, níbi tó ti ń fi ìkòkò amọ̀ se ẹja tí wọ́n máa gbé síwájú àwòrán Khiêm lórí pẹpẹ.

"Àǹtí Diệp, ẹ̀rù yín tún ti dé." Thuận gbé ẹsẹ̀ kan sókè. "Bàtà rọ́bà rèé. Kí ni iná ó fi mí ṣe?"

"Bàtà tí ìdí rẹ̀ ti lu, tó tún ti mumi?"

"Ẹ gbájú mọ́ ẹja yín o. Bó bá jóná, bọ̀dá mi á sọ̀kalẹ̀ látorí pẹpẹ wá bá yín jà."

Àwọn obìnrin ẹbí tó ń tu ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò tíì tán lẹ́nu wọn tí Thuận fi le gbandi, tí ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ irin ẹ̀rọ náà. Kò ké. Ó kàn ṣubú.

Diệp kò sáré lọ bá a. Ìdí òpó ilé ló sáré lọ, ó fa súìṣì wálẹ̀. Nígbà tó máa fi padà dé, àwọn obìnrin ti yí Thuận ká, kò sì sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Ìyá Sáu ti wà ní bèbè odò, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì wa ẹrẹ̀.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án! Iná ṣì wà lára rẹ̀! Ẹ mú ọparun wá!"

"Mo ti pa iná, Ìyá. Kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ mọ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Aláriwo orí òpó yẹn? Ṣé o fẹ́ gba èyí náà lọ́wọ́ mi ni?"

Ẹ̀kúnwọ́ ẹrẹ̀ àkọ́kọ́ balẹ̀ sí àyà Thuận. Diệp wo ẹnu rẹ̀ tó là díẹ̀. Ẹnu Khiêm ni. Ẹ̀rù tí wọ́n ti fi tọ́ ọ láti kékeré di ọwọ́ rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹrẹ̀ náà dànù. Iná kankan kò gbé e. Ó gbé etí sí imú Thuận, kò gbọ́ èémí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà rẹ̀.

"Ẹ fà á kúrò níbẹ̀! Ẹ fà á!" ni Ìyá Sáu ń pariwo.

Kò sẹ́ni tó láyà láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé iná ti bọ́ lára Thuận sí ara Diệp, ẹni tó bá sì fọwọ́ kan Diệp, òun ló kàn. Ìgbàgbọ́ tó pa ọkọ rẹ̀ di odi yí i ká.

Ó ń tẹ̀ ẹ́. Òógùn ń kán láti iwájú orí rẹ̀ sí ojú Thuận, òórùn ẹja tó ń jóná gba àgbàlá kan. Nígbà tó yá, nǹkan kan já lọ́nà ọ̀fun ọkùnrin náà. Ó wúkọ́. Ó bì. Ó tún wúkọ́, ó sì la ojú.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú omi ti gbé Thuận lọ sí ilé ìwòsàn, Ìyá Sáu ṣì dúró sí bèbè odò, ẹrẹ̀ kún ọwọ́ rẹ̀.

"Diệp."

"Ìyá."

"Èyí tó bẹ́ lẹ́nu Khiêm lọ́jọ́ yẹn... ṣé iná ni?"

"Ẹ jẹ́ kí n bu omi wá, kí ẹ fọ ọwọ́."

"Mo bi ọ́ ní nǹkan."

"Mi ò mọ̀, Ìyá."

"O mọ̀."

Ìyá àgbà náà wọlé, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ìrẹsì sínú abọ́ funfun, ó gbé e ka iwájú àwòrán ọmọ rẹ̀, ó sì tan tùràrí. Àpá ìka ẹlẹ́rẹ̀ wà lára abọ́ náà yípo. Diệp rí i, kò nù ún. Àwọn méjèèjì jókòó níbẹ̀, wọ́n ń wo bí àpá náà ṣe ń gbẹ.