Ìlà Kọkànlá

"Mo ní kò sí orúkọ ẹnì kankan lórí ẹ̀rọ yìí lónìí!" Nọ́ọ̀sì náà ń pariwo sínú fóònù kí ohùn rẹ̀ lè borí igbe àwọn ọmọ ọwọ́. "Ogójì ìyálọ́mọ ló jókòó síwájú mi. Káàdì ọwọ́ wọn ní òní ni. Ẹ̀rọ rẹ ní ọ̀la ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn."

"Mo ti pa á lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣé kí n pa ara mi mọ́ ọn ni?"

Àbúrò rẹ̀, tí gbogbo ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní Aṣètò, ti dìde lórí àga. Òun ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tí ilé ìwòsàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ń to ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọ̀fẹ́ ló fi sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹni tó bá wù ú lè mú un lò, ẹni tó bá sì rí ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ lè kọ àtúnṣe ránṣẹ́ sí i. Bí òun bá kà á, tó tẹ bọ́tìnnì pé ó dára, àtúnṣe náà wọlé nìyẹn, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ yóò sì wà lára ìlà kọ̀ọ̀kan títí ayé. Ètò náà ti dé àwọn ìlú tí òun fúnra rẹ̀ kò dé rí.

"Ẹ fún mi ní wákàtí kan," ni ó wí.

"Ọmọ tó ń ké ò mọ wákàtí kan o. Màá mú bírò, màá kọ ọ́ bí a ṣe ń kọ ọ́ kí ìwọ tó dé." Ó pa fóònù dé mọ́ ọn létí.

Aṣètò rìn dé ojú fèrèsé, ó padà. Ó gbé tíì, ó ti tutù. Ó gbé e kalẹ̀, kò pẹ́ ó tún gbé e. Ìdúró ló wà níwájú kọ̀ǹpútà tó fi rí àṣìṣe náà: ìlà kọkànlá ń ka gbogbo oṣù sí ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Oṣù tó parí lánàá, ọgbọ̀n ọjọ́ péré ló ní. Lójú ètò, oṣù ọ̀hún ṣì ku ọjọ́ kan.

Orúkọ tó wà lára ìlà náà ni Ó-Kù-Díẹ̀.

Ó mọ orúkọ yẹn dáadáa. Ó ti tó oṣù méje tí Ó-Kù-Díẹ̀ ti ń fi àtúnṣe ránṣẹ́, àwọn kéékèèké tó mọ́ tónítóní. Aṣètò gbà pé ọ̀dọ́ kan ni, tó ń fi orúkọ ìnagijẹ ṣeré. Àwọn tó ń lo ètò náà ti rí orúkọ ọ̀hún báyìí, wọ́n sì ti ń kọ̀wé ní gbangba. Ọ̀kan ní, "Ẹ lé e dànù." Òmíràn ní, "Ọ̀gá, ẹ ti ṣe tiyín, ẹni yìí ló bà á jẹ́."

Nígbà tó ka èyí tán, ara tù ú. Ìtura náà gan-an ni kò jẹ́ kó lè dúró sójú kan. Ó lọ ṣí ìwé tó bá àtúnṣe náà wá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìlà kọkànlá dáadáa," ni Ó-Kù-Díẹ̀ kọ. "Ọkàn mi ò balẹ̀ lórí rẹ̀."

Ìdáhùn Aṣètò fúnra rẹ̀ wà nísàlẹ̀: "Ó dára. O ṣeun." Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ago méjì ọ̀sán.

Ó rántí. Ìdí tábìlì oúnjẹ nílé Màmá ni, ṣíbí lọ́wọ́ ọ̀tún, fóònù lórí orúnkún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ìgúnpá gbún un pé, "Ṣé fóònù yẹn náà ń jẹun ni?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, àtàǹpàkò rẹ̀ sì tẹ bọ́tìnnì. Kò ka ẹyọ ìlà kan.

Ó pe nọ́ńbà tó wà lábẹ́ orúkọ náà. Ohùn ìyá àgbà ló dáhùn.

"Ẹ káàsán, mà. Ó-Kù-Díẹ̀ ni mo ń wá."

"Èmi náà nìyí. Ọ̀gá ni, àbí? Mo ti ń retí yín."

Ó jókòó, ó tún dìde. "Mà? Mo mà ti ń pè yín ní ìwọ láti oṣù méje!"

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. "Ó sì ń dùn mọ́ mi. Láti ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ ti lọ, kò sẹ́ni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Olùkọ́ ìṣirò ni mí, ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì ni mo kọ́ iṣẹ́ yìí." Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Mo ti rí ohun tí wọ́n ń kọ. Ẹ jẹ́ kó dúró sórí mi. Ẹ yọ orúkọ mi kúrò, kí ẹ̀yin máa bá tiyín lọ. Ibo ni orúkọ èmi tún ń lọ?"

Ọ̀rọ̀ náà rọrùn láti gbà. Ó rọrùn jù.

"Ẹ ní kí n wò ó," ni Aṣètò wí.

"Mo ní kí ẹ wò ó. Ṣé ẹ wò ó?" Bí olùkọ́ ṣe ń bi ọmọ kíláàsì ló ṣe bi í.

"N ò wò ó, mà."

"Ó dáa tí ẹ sọ ọ́. Mo ti fẹ́ pa ìlà yẹn rẹ́. Nígbà tí Ọ̀gá ní ó dára, mo ní á jẹ́ pé ọpọlọ mi ni kò jí pépé mọ́."

Lẹ́yìn ìyẹn, Aṣètò kọ ọ́ síbi tí gbogbo ayé yóò ti rí i: "Ẹni tó kọ ìlà kọkànlá bẹ̀ mí pé kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní ó dára, n ò sì kà á. Èmi ni mo jẹ̀bi." Ó fi kún un pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn òun. Ó wò ó, ó pa ìyẹn rẹ́. Ó fi ìyókù ránṣẹ́.

Fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni: "Ọgbọ̀n ọmọ ti gba abẹ́rẹ́, ó ku mẹ́wàá. Ọwọ́ ń ro mí. O jẹ mí ní ọwọ́ kan."

Kò tíì gbé e kalẹ̀ tí àtúnṣe tuntun fún àṣìṣe oṣù náà fi dé láti ọ̀dọ̀ Ó-Kù-Díẹ̀, ìlà mẹ́rìndínlógún. Nísàlẹ̀ rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó."

Ìdáhùn àwọn ènìyàn sí ohun tó kọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé, fóònù ń gbọ̀n lórí tábìlì. Ó sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀, ó tì í. Ó fa àga, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kìíní.