Ooru Ara Lójú Ọ̀nà Ìmọ́lẹ̀

Ọ̀gá mi ló sọ mí ní Ìyá Má-Mí, nítorí pé bí mo bá ti ń wọn ìmọ́lẹ̀, n kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mí nítòsí. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ tiwa ni pé ká rán ìmọ́lẹ̀ lọ bá dígí ní ìpẹ̀kun yàrá, ká wo bí yóò ṣe pẹ́ tó kó tó padà. Afẹ́fẹ́ tó tutù a máa ki, a sì máa fa ìmọ́lẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Èyí tó gbóná fúyẹ́, ìmọ́lẹ̀ a sì yára kọjá nínú rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ ò bá tòrò, irọ́ la ó kọ sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọkọ mi ń padà sẹ́nu iṣẹ́ lójú omi. Tó bá ti lọ báyìí, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀gá ní bí ìlà orí kọ̀ǹpútà, èyí tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó hàn, bá ti lè tẹ́ pẹrẹsẹ, kí n sáré lọ sìn ín dé ibùdókọ̀. Mo jókòó ti ìlà náà, àmọ́ ọkàn mi ò sí níbẹ̀ rárá.

Ó kù díẹ̀ kó tẹ́ ló já wálẹ̀ lójijì. Inú bí mi. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ọkọ mi ni mo rí lẹ́nu ọ̀nà, báàgì léjìká, òógùn bò ó.

"Mo ní kí n wá dágbére ni," ó ní. "Ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra."

"Ẹ ti gbé ooru wọlé," mo fèsì. Ẹ wo ẹnu mi. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí lóde. Tí afẹ́fẹ́ bá ti tòrò, mo ń bọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé afẹ́fẹ́ ni mo wá ń bá du ìyàwó báyìí?"

Ó fa ilẹ̀kùn dé jẹ́jẹ́, bí mo ṣe kọ́ ọ.

Afẹ́fẹ́ kì í kánjú nítorí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ìlà náà tẹ́, tí mo sáré jáde, àga òfìfo ló kù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àárò ọkọ mi sọ mí níbẹ̀ yẹn, bóyá kò tíì dé títì pàápàá.

Ọ̀gá yẹ iṣẹ́ náà wò, inú rẹ̀ dùn. Ó wá nawọ́ síbi tí ìlà náà ti já.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ níbí? Ìmọ́lẹ̀ yára padà jù. Pa á rẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

"Nítorí kí ni?"

"Ọkọ mi ló wọlé, sà."