Iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣówándé tí Wọ́n Ń Tọ́ka Sí

Láti ìgbà tí Bándélé ọkọ rẹ̀ ti kú lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyíndà Ṣówándé nìkan ló ń gbé ilé wọn ní Ìbarà. Jedidiah, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń ṣiṣẹ́ báńkì l'Ékòó. Ó máa ń pè lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, á béèrè bóyá ìyá òun ti jẹun, á ní òun ń bọ̀ láìpẹ́.

Ìmọ̀ fáírọ́ọ̀sì ni Oyíndà fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe. Nígbà tí ara ṣì le, ó rin Òwu àti Ṣàpọ́n láti ojúlé dé ojúlé, ó ń gba ìgbẹ́ àwọn ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń yọ lẹ́nu, ó sì ń gba ti ewúrẹ́ àgbàlá wọn pẹ̀lú. Ohun tó rí ló kọ jáde: pé ara ewúrẹ́ ni fáírọ́ọ̀sì tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru náà ti ń ran àwọn ọmọ. Iṣẹ́ yẹn ló sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládiméjì, ọ̀gá ẹ̀ka wọn ní yunifásítì, pè é. Ó ní nínú gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe níbẹ̀, tirẹ̀ ni àwọn onímọ̀ káàkiri àgbáyé tọ́ka sí jù, àwọn yóò sì dá a lọ́lá lọ́jọ́ Ẹtì. Inú Oyíndà dùn débi pé ó ti ń pe orúkọ Bándélé kó tó rántí. Ó pe Jedidiah, ìyẹn wà ní ìpàdé.

Nígbà tí kò rí ẹni bá a yọ̀, ó ṣí kọ̀ǹpútà kó lè wo àwọn tó ń dárúkọ òun. Láti ìgbà tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ ẹ́ ni kò ti ka iṣẹ́ tuntun mọ́. Ó ka àkọ́kọ́, ó ka ìkejì, ó ń kà á lọ títí tíì tó gbé síwájú fi tutù. Ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ: Ṣówándé ní ara ewúrẹ́ ni, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tuntun ti fi hàn pé lára ọmọ ẹgbẹ́ wọn ni àwọn ọmọ ti ń kó o, àwọn ọmọ ló sì ń kó o ran ewúrẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ rí i ni Ummulkulthum, akẹ́kọ̀ọ́ tí Oyíndà kọ́ níṣẹ́ fúnra rẹ̀, tó máa ń jẹun nílé wọn bí ọmọ, tó wá dákẹ́ lẹ́yìn tó lọ sí Kánádà. Oyíndà ti gbà pé ọmọ náà ti gbàgbé òun ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n gbé àmì ẹ̀yẹ lé e lọ́wọ́, wọ́n ní kó sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ẹ ṣeun. Àmọ́ púpọ̀ nínú àwọn tó dárúkọ mi, tìtorí àṣìṣe mi ni wọ́n ṣe dárúkọ mi. Mo ti ka iṣẹ́ wọn. Òótọ́ ni wọ́n sọ."

Ẹnì kan pàtẹ́wọ́ díẹ̀, ó dá a dúró. Ọládiméjì rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i létí pé kò yẹ kó ba ọjọ́ jẹ́ fún àwọn. Wọ́n ya fọ́tò. Nígbà tí wọ́n ń jẹun, kò sẹ́ni tó pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó délé, ó pe Kánádà.

"Ummu, mo ti ka iṣẹ́ rẹ. O ṣe é dáadáa. Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Ọmọ náà ní, "Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbà láti tẹ iṣẹ́ náà jáde ni Dádì kú, mà. Mi ò lè fi tèmi kún ẹkún yín. Nígbà tó yá, ojú ń tì mí láti pè."

Oyíndà ti rò pé ìgbàgbé ni, àṣé àánú ni. Ó béèrè bí wọ́n ṣe mọ èyí tó ti ara ọmọ wá yàtọ̀ sí ti ewúrẹ́. Ummulkulthum ṣàlàyé, Oyíndà tún béèrè, wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bá a sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pe ọmọ náà níbi iṣẹ́, ó ní òun yóò tún pè.

Ilé dákẹ́. Oyíndà jẹun, ó fọ abọ́ kan ṣoṣo tó lò, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé sí àwọn tó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde nígbà yẹn, pé kí wọ́n jẹ́ kí ayé mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn kì í ṣe òótọ́ mọ́. Ó kọ orúkọ Ummulkulthum sí i. Kò sẹ́ni tó wà nílé tí yóò béèrè ohun tó ń kọ.